Tí káńsù bá fẹ́ ṣètò àyíká Ògbómọ̀ṣọ́ lóòótọ́, ibo ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọTàkíẹ̀
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa pè mí lánàá, ó ní káńsù fẹ́ bá àwọn onílé àti àwọn ọlọ́jà ṣèpàdé kí wọ́n tó kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó bá ń fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àyíká wá. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn kọ ọ́ torí pé mo gbọ́ kọ̀ǹpútà. Mo jókòó tì í títí, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ò ju "ẹ wá kólẹ̀, ẹ wá gbẹ́ gọ́tà" náà lọ, ìyẹn sì ni gbogbo èèyàn ti ń kọ látọjọ́ yìí. Ètò gidi ni mo fẹ́, tí alága yìí bá lọ tí ẹlòmíì dé kó ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. Kí lẹ rò pé ó yẹ kó ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi òṣèlú sí i o, mo mọ̀ yín dáadáa.

Jẹ́jẹ́ Layé
Kí wọ́n kọ́kọ́ san owó àwọn tó ń gbá títì. Mo ti sọ tèmi, mo ń lọ.

Plánà Arówómọlé
Town planning ni mo kà ní yunifásítì LAUTECH níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń dùn mí tipẹ́. Gbogbo ètò àyíká tí mo ti rí, igi ló máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́, torí igi ló rọrùn láti dúró tì ya fọ́tò. Omi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí káńsù ní máàpù kan tó fi gbogbo ipa odò, ipa àgbàrá àti gbogbo kọ́fáàtì tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì hàn, kí wọ́n wá pààlà síbi tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Ìgbà tí ìyẹn bá ti wà nílẹ̀ lèèyàn tó lè mọ ibi tó máa gbé ọjà sí, ibi tó máa gbé gáréèjì sí, ibi tó máa gbé ààtàn sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa gbé ààtàn sórí omi táwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu.

Ẹ wo Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí. Odò Ògùnpa ya wọ ìgboro ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọ̀pọ̀ èèyàn bá a lọ, ọ̀pọ̀ ilé bá a lọ. Ó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ó tún ṣẹlẹ̀, èèyàn tó lé lọ́gọ́rùn-ún ló kú, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó lọ yá 200 mílíọ̀nù dọ́là ní World Bank láti fi tún ọ̀nà omi ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló wà láàárín méjèèjì o! Àwọn tó ń kọ́lé sétí odò ní gbogbo ìgbà yẹn, ta ló ń fún wọn ní plan?

Láńdílọ́ọ̀dù Ìsàlẹ̀
Ẹ rọra o, Plánà. Ilé bàbá mi wà létí odò tẹ́ ẹ ń wí yẹn. A ní rìsíìtì ilẹ̀, a ní plan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, ọdọọdún la sì ń san owó ilé. Nígbà tí wọ́n ń gbowó odò ò sí níbẹ̀ àbí? Tó bá wá di pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri wa, ṣé wọ́n á dá owó wa padà?

Mama Láfún
Ẹ bá mi bi wọ́n o jàre. Ìwé, ìwé, ìwé. Èmi wà lọ́jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń rí. Gọ́tà kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọdé kó sínú ẹ̀ orí ẹ̀ ò ní yọ. Láràárọ̀ gbogbo wa máa gbálẹ̀, ẹni tó ń ta ewé, ẹni tó ń ta àgbàdo, ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà, ibo la ń gbá a sí? Inú gọ́tà náà ni! Torí ibi tí wọ́n ní ká máa da ilẹ̀ sí jìnnà, ẹni tó bá fẹ́ rù ú débẹ̀ á pa ọjà tì, tí ò bá sì fẹ́ pa ọjà tì á sanwó fún ọlọ́mọlanke, ọlọ́mọlanke á gbowó tán á lọ dà á sódò lóru. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kí máàpù yín tó dé, kí wọ́n gbé àgbá ńlá tó lè gba ilẹ̀ sítòsí ọjà, kí ọkọ̀ máa wá gbé e lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, kó má jẹ́ ọjọ́ tó bá wù wọ́n.

Ọ̀dọ́ Under-G
Ẹ̀yin àgbà ẹ ṣeun. Ìlú kan wà ní Brazil tó ń jẹ́ Curitiba, a kà nípa ẹ̀ nílé ìwé. Àwọn àdúgbò táwọn tálákà ń gbé níbẹ̀ há débi pé ọkọ̀ akólẹ̀ ò lè wọlé, bíi àwọn kọ̀rọ̀ àárín ìlú wa níbí gẹ́lẹ́. Láti 1991 ni wọ́n ti dá ètò kan sílẹ̀, ìwọ fúnra ẹ kó ike, páálí àti agolo jáde wá síbi tí ọkọ̀ dúró sí, tó bá ti pé kílò mẹ́rin wọ́n á fún ẹ ní kílò kan èso pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ìtòsí tí ọjà ń kù sí lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń ra ẹ̀fọ́ yẹn o. Àgbẹ̀ rówó, tálákà rí jẹ, kọ̀rọ̀ mọ́. Àwa náà, máńgòrò ń jẹrà sílẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́dọọdún, kí ló dé tá ò lè ṣe irú ẹ̀?

Mama Láfún
Háà, kí wọ́n fún mi ní tòmátì torí mo kó ọ̀rá jọ? Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́la èmi ni màá kọ́kọ́ tò 😂 Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ike ti ní oníbàárà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ra ike àti irin àlòkù ń kọjá lójoojúmọ́, agolo tàbí ìgò ike kì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ewé tó ti jẹrà ni kò sẹ́ni tó fẹ́ rà.

Ọ̀dọ́ Under-G
Òótọ́ lẹ sọ mà. Ewé yẹn gan-an ló pọ̀ jù. Nílùú bíi tiwa, ohun tó lè jẹrà máa ń tó ìdajì gbogbo ilẹ̀ tí à ń dà nù, nígbà míì ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ń yà á sọ́tọ̀ látọjà, tí wọ́n ń gbé e lọ síbì kan tí wọ́n á ti máa yí i po títí á fi di ajílẹ̀, ẹrù tí ọkọ̀ ń rù lọ sí ààtàn á dín kù gan-an. Fàtiláísà ti wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Ṣúrùlérè àti Ògo-Olúwa á máa wá rà á ni.

Bàbá Wolé-wolé
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mò ń ka ohun tẹ́ ẹ ń kọ, mò ń rẹ́rìn-ín. Láyé tiwa a kì í dúró de ìpàdé, a máa wọlé ni, a máa ṣí ìkòkò omi, tá a bá bá tanwíji nínú ẹ̀ a máa já ìwé ilé ẹjọ́ fún baálé ilé. Nígbà tó di ìjọba Buhari àti Idiagbon, 1984 sí 1985, tí wọ́n gbé WAI dé, ìyẹn War Against Indiscipline, ètò tí wọ́n fi gbógun ti ìwàkíwà, ibẹ̀ ni ìmọ́tótó Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ti wá mọ́ gbogbo wa lára.

Ẹ wá wo bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá gbọ́ràn á jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, á kó ẹrẹ̀ dúdú yẹn jáde, ọ̀rá ló kún inú ẹ̀, á kó o jọ sétí gọ́tà báyìí, á wẹ̀, á wọlé. Oòrùn á pa á, á le gbagidi. Ọkọ̀ ò ní wá. Àwọn ọmọ á máa gùn ún ṣeré. Òjò kan ṣoṣo ló máa rọ̀ lóru, gbogbo ẹ̀ á padà sínú gọ́tà tá a ti kó o. Oṣù tó ń bọ̀ ẹ tún gbé ṣọ́bìrì. Mo bá wọn ṣe é títí irun mi fi funfun! Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ỌmọTàkíẹ̀ kọ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká gbẹ́ gọ́tà, típà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí kò bá sí típà kí wọ́n má yọ èèyàn lẹ́nu.

Ìkejì, Mama Láfún ẹ má bínú sí mi, omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ẹ lọ wo ibi tó ń gbà kọjá, koríko ò hù níbẹ̀. Kànga sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Mama Láfún
Bàbá mo kúnlẹ̀ kí yín. Ṣùgbọ́n níbo lẹ wá fẹ́ ká da omi ẹ̀gẹ́ sí, ṣé ká máa mu ún ni? Iṣẹ́ tá a fi tọ́ ọmọ dé yunifásítì nìyẹn. Kí wọ́n fi ibi tá a máa dà á sí hàn wá kí wọ́n tó fi òfin dé wa.

Plánà Arówómọlé
Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe láfún mà, àwa tá à ń jẹ ẹ́ la máa kọ́kọ́ ké. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ilé kálukú ni ẹ̀rọ kálukú wà. Tí káńsù bá ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ tó jìnnà sí kànga àti odò, tí wọ́n kó àwọn ẹlẹ́rọ jọ síbẹ̀, wọ́n lè gbẹ́ kòtò kan tí wọ́n rẹ́ inú ẹ̀ ní sìmẹ́ńtì, omi ẹ̀gẹ́ á jókòó síbẹ̀, á kan, oòrùn àti atẹ́gùn á ti máa dín oró sáyánáìdì inú ẹ̀ kù kí wọ́n tó dà á jáde. Èèyàn lè fi ṣe gáàsì ìdáná pàápàá. Èèpo ńkọ́? ILRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn tó wà ní Ìbàdàn, ti fi hàn pé tí wọ́n bá lọ èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, tí wọ́n fún omi ẹ̀ dànù bá a ṣe ń fún gàrí, tí wọ́n wá sá a, láàárín ọjọ́ kan ó ti gbẹ, ó di oúnjẹ ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ. Òkìtì èèpo tó ń rùn lẹ́yìn ilé wa yẹn, owó ni.

Láńdílọ́ọ̀dù, mi ò gbàgbé yín sà. Mi ò ní kí wọ́n wó ilé bàbá yín, mo ní kí wọ́n má tún fi òmíì kún un ni. Curitiba tí Ọ̀dọ́ dárúkọ yẹn, wọ́n gba ilẹ̀ àkùrọ̀ etí odò wọn, wọ́n sọ ọ́ di páàkì tó ní adágún omi nínú, tí òjò bá pọ̀ adágún á gbà á dúró, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù létí ẹ̀. Ní ti ilé tó ti wà, kí wọ́n ran onílé lọ́wọ́ kó máa gba omi òrùlé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin, òjò sẹ̀ntímítà kan péré bá rọ̀ sórí ẹ̀, lítà 1,000 lomi yẹn. Tí ìdajì ilé tó wà lókè bá ní táǹkì, omi tó ń ya bá yín nísàlẹ̀ á dín kù.

Láńdílọ́ọ̀dù Ìsàlẹ̀
Ìyẹn yé mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó wà lákọsílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ní kó kó kúrò, owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ ọwọ́ ẹ̀ kó tó gbé àpótí kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó gẹ́ẹ́.

Akọ̀wé Owó
Mo ti bá káńsù kan ṣiṣẹ́ nídìí owó rí, mi ò ní dárúkọ. Ètò tó dáa ò wọ́n wa o, ó kún dúrọ́ọ̀. Ohun tó ń pa ètò ni pé wọ́n á kọ iye tí wọ́n fi máa ra nǹkan, wọn ò ní kọ iye tí nǹkan náà máa máa jẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán. Ẹ wo iná sólà ojú títì: wọ́n á gbé e dúró, wọ́n á jó, wọ́n á ya fọ́tò, ọdún díẹ̀ sí i bátìrì á kú, òpó á dúró síbẹ̀, àwọn tó ń lẹ pósítà ló máa jogún ẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ náà ńkọ́, ta ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì, ta ló ń pààrọ̀ táyà, dírẹ́bà àti àwọn tó ń gbálẹ̀ tí Jẹ́jẹ́ Layé sọ, orí owó wo ni wọ́n wà? Èmi tí mo bá wà nínú ìpàdé yẹn, lábẹ́ gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe, ìlà méjì ni màá béèrè, iye tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é àti iye tí wọ́n á máa fi tọ́jú ẹ̀ lọ́dọọdún. Tí ìlà kejì bá ṣófo, ẹ má pàtẹ́wọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sí apá tí wọ́n ń pè ní Fourth Schedule, ó wà níbẹ̀ kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kíkó ilẹ̀, gọ́tà, ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ ìta gbangba, páàkì àti itẹ́ òkú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé owó káńsù gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ káńsù tààrà. Bí ìyẹn ṣe ń lọ sí, òṣèlú ni, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa lókè 😀

Jẹ́jẹ́ Layé
Mo padà dé. Ẹ dárúkọ ilé ìyàgbẹ́ ẹ wá sáré kọjá. Gáréèjì tí èèyàn ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ látàárọ̀, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ń lọ, òjò ló ń gbá a lọ sódò. Ẹ máa ṣe máàpù o.

Ará Ìkòyí-Ilé
Ẹ̀yin ará ìgboro ń jà lórí gọ́tà, èmi ń wo igbó tó ń tán. Plánà, igi tẹ́ ẹ fojú ẹ̀ gbolẹ̀ yẹn, ẹ wá wo ọ̀dọ̀ wa ní Oríire. Èédú ló ń jáde níbẹ̀ ní lọ́rì-lọ́rì. Wọ́n ń gé ayìn, wọ́n ń gé apá, ó ti wá kan ẹ̀mí àti igbá báyìí, igi táwọn bàbá wa kì í gé torí òrí àti irú tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Ta ló ń dáná èédú ọ̀hún? Ẹ̀yin ni! Gáàsì wọ́n, gbogbo ilé ti padà sórí àdògán. Ọgbà ẹranko igbó Old Oyo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lóòótọ́, 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó ti di ọgbà ìjọba àpapọ̀ láti 1991, ṣùgbọ́n tí igbó ìta bá tán inú ọgbà ni wọ́n máa wọ̀. Káńsù tó bá sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún lọ́rì èédú, ẹ rò pé á fẹ́ kí lọ́rì dáwọ́ dúró?

Freetown ní Sierra Leone ni kí wọ́n wò. Mayor wọn Yvonne Aki-Sawyerr bẹ̀rẹ̀ ètò igi mílíọ̀nù kan ní 2020. Igi kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, àwọn ará àdúgbò ló ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n á padà lọ fi fóònù ya á pé ó ṣì wà láàyè, owó wọn á wọlé. Igi tó yè ni wọ́n ń sanwó lé lórí, kì í ṣe ihò tí wọ́n gbẹ́.

Plánà Arówómọlé
Ẹ̀gbọ́n, èmi àti igi ò jà. Àwọn tó ń gbìn ín fún fọ́tò lèmi ń bá wí. Sísanwó fún igi tó yè, ìyẹn dáa, kó wọ ìwé. Kí wọ́n gbìn ín sétí odò kí gbòǹgbò di ilẹ̀ mú, kí wọ́n gbìn ín sọ́jà kó ṣíji, kó sì jẹ́ igi tó ní láárí, kì í ṣe èyí tó ga ṣánṣán tí wọ́n ń tò síwájú ilé olówó, tí ò ṣíji bo ẹnì kankan.

Bàbá Wolé-wolé
Ewúrẹ́ ńkọ́?

Ọ̀dọ́ Under-G
😂😂 Bàbá!

Bàbá Wolé-wolé
Mi ò ṣeré o. Òfin tó de ẹran sísìn kiri ti wà látijọ́, ta ló ń tẹ̀ lé e? Kí owó ọgbà tí wọ́n á fi yí igi ká wà nínú ìlà kejì tí Akọ̀wé sọ yẹn.

ỌmọTàkíẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti kọ ojú ewé kan àtààbọ̀. Máàpù omi ló ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ ni àgbá ọjà pẹ̀lú ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá, ìyàsọ́tọ̀ ewé fún ajílẹ̀, típà ọjọ́ ìmọ́tótó, ilẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, owó ìtọ́jú lábẹ́ gbogbo ẹ̀. Jẹ́jẹ́ Layé, mo gbé ilé ìyàgbẹ́ gáréèjì wá sókè dáadáa kẹ́ ẹ lè sinmi. Ohun kan ló ṣì ń rú mi lójú. Káńsù márùn-ún ló pín ẹkùn Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, Àríwá, Gúúsù, Oríire, Ṣúrùlérè, Ògo-Olúwa. Tí káńsù tiwa bá gbẹ́ gọ́tà tiẹ̀ mọ́ tóní-tóní, tí ti òkè wa ò gbẹ́ tiwọn ńkọ́?

Akọ̀wé Owó
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kí àwọn alága márààrún ní ìgbìmọ̀ kan lórí omi àti ààtàn, kí wọ́n jọ dá owó sí àpò kan. Ààtàn kan tí wọ́n ṣe dáadáa, tí wọ́n rẹ́ abẹ́ ẹ̀ kí omi ẹ̀ má bàa jò sí kànga, tí wọ́n ń fi erùpẹ̀ bò ó, ó sàn ju márùn-ún tí wọ́n ń dáná sun lọ. Èéfín ọ̀rá tá à ń fà sínú yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Plánà Arówómọlé
Kí wọ́n pe LAUTECH síbẹ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dọọdún, ìdí máàpù omi yìí ni kí wọ́n kó wọn sí, káńsù á kàn fún wọn lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ.

Ọ̀dọ́ Under-G
Èmi ti wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Mama Láfún
ỌmọTàkíẹ̀, ọjọ́ wo gan-an ni ìpàdé ọ̀hún?

ỌmọTàkíẹ̀
Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà mà, ọ̀la ni… háà, ọjọ́ ọjà ni!

Mama Láfún
Ẹ ò rí i? Wọ́n fẹ́ jíròrò ilẹ̀ ọjà lọ́jọ́ tí ọlọ́jà kankan ò lè wá. Sọ fún alága yín kó bá wọn sọ ọ́ di ìrọ̀lẹ́ Sunday. Màá kó Ìyálọ́jà àti àwọn ẹlẹ́gàrí wá, a ò ní pẹ́ dé.

ỌmọTàkíẹ̀
Mo ti pè é báyìí. Ó ní àwọn ará káńsù kì í ṣiṣẹ́ ní Sunday.

Mama Láfún
Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀ ní ìnbọ́ọ̀sì.